Àfọwọ́fà ni, ta ni yóò wá tọ́jú rẹ̀? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ọlọ́kadà, ìjàǹbá àti owó ọsibítù

Nígbàkúùgbà tí ọ̀kadà bá gbókìtì lójú títì, apá méjì ni àwọn tó bá pé jọ máa ń pín sí. Àwọn kan á ní ká sáré gbé e dìde. Àwọn kan á pòṣé, wọ́n á ní ohun tó ń wá ló rí. Àwọn ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu apá méjèèjì ni mo kó jọ síbí, títí kan èyí tí wọ́n fi ìbínú bi. Mo ní èrò tèmi, ẹ ó sì rí i nínú ìdáhùn: ká dóòlà ẹ̀mí ná, ká tó ṣírò ẹ̀bi. Ẹ̀bi ọ̀hún sì wà o, n kò ní kó má sí.

Ó gba ọ̀nà òdì, kò dé ẹ́límẹ́ẹ̀tì, paraga sì ń run lẹ́nu rẹ̀. Kí ló kàn mí níbẹ̀?

Ó kàn yín nítorí pé ìjàǹbá rẹ̀ kì í dúró lọ́dọ̀ rẹ̀ nìkan. Ẹni tó gbé sẹ́yìn lè jẹ́ àbúrò yín tó ń lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tó gbá lè jẹ́ ìyá tó ń sun àgbàdo létí títì. Ká tilẹ̀ ní òun nìkan ló ṣèṣe, ìyàwó rẹ̀ ni yóò máa tọrọ owó kiri, ọmọ rẹ̀ ni wọn yóò dá padà sílé nítorí owó ilé ìwé, ẹ̀yin aládùúgbò ni wọn yóò sì mú ìwé ìdáwó wá bá. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Wọn kò ní ká lé ará ilé náà síta. Wọn kò sì ní ká máa bá a wá kòkòrò jẹ.

Ṣé ọsibítù lè kọ̀ ọ́, kí wọ́n ní òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á?

Òfin kò fún wọn láyè. Òfin Ìlera tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2014 sọ ọ́ ní abala 20 pé dókítà, nọ́ọ̀sì tàbí ilé ìwòsàn kankan kò gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kí wọ́n fi ṣe àwáwí. Ẹni tó bá rú u lè san 100,000 náírà, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí kó jẹ méjèèjì pọ̀. Òfin náà kò yọ ọ̀mùtí sílẹ̀, kò yọ ẹni tó gba ọ̀nà òdì sílẹ̀.

Ẹni tó bá ti gbé èèyàn dé ẹnu ọ̀nà pàjáwìrì rí mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ yàtọ̀. "Ta ló tẹ̀ lé e wá? Ẹ lọ san dípọ́síìtì." Ẹ̀jẹ̀ ń kán sílẹ̀, wọ́n ń bèèrè kádì. Mo máa ń bínú sí i, àmọ́ n kò ní sọ pé ìkà ni gbogbo wọn. Ọsibítù tó ń ra oògùn, tó ń ra ọ́síjìn, tó ń ra dísẹ́ẹ̀lì sínú jẹnẹrétọ̀, tí kò sì sẹ́ni tó ń san án padà, kò ní pẹ́ tó fi máa ti ilẹ̀kùn. Ìjọba ló pàṣẹ pé kí wọ́n tọ́jú gbogbo èèyàn, owó tó yẹ kó tẹ̀ lé àṣẹ náà ló ń falẹ̀.

Ẹni tí ìbọn bà ńkọ́? Wọ́n ní ó dìgbà tí ó bá gba ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá.

Ìyẹn ti kọjá lọ lábẹ́ òfin láti ọdún 2017. Owó kọ́, ìwé ọlọ́pàá kọ́: ìtọ́jú ni yóò kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, kí ilé ìwòsàn wá fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí méjì. Ìbáà jẹ́ ọlọ́ṣà, ìbáà jẹ́ ẹni tí ọlọ́ṣà yìnbọn fún, dókítà á tọ́jú àwọn méjèèjì, adájọ́ ni yóò wá yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí òfin bá lè rí bẹ́ẹ̀ fún ọlọ́ṣà, n kò mọ ìdí tí a ó fi fi ìtọ́jú du ẹni tó kàn gba ọ̀nà òdì.

Ó dáa. Ta ló máa wá san owó náà?

Ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ níbẹ̀.

Òfin 2014 yẹn kan náà dá àpò kan sílẹ̀ fún ìlera aráàlú. Ìjọba àpapọ̀ ni yóò máa fi ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un síbẹ̀. Nínú ohun tó bá wọ àpò náà, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti ìtọ́jú pàjáwìrì. Ọdún 2018 ni wọ́n tó kọ́kọ́ fi owó náà sínú ìsúná, ọdún mẹ́rin gbáko lẹ́yìn òfin. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, wọ́n tún fọwọ́ sí òfin mìíràn tó sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Èkó ní ti tirẹ̀, Ìlera Èkó. Síbẹ̀, ẹ bi ọlọ́kadà mẹ́wàá ní orítà àdúgbò yín bóyá wọ́n ní káàdì adójútòfò kankan. Ẹ̀rín ni wọ́n máa fi yín rín.

Fún ìdí èyí, ìdílé ló ń san án. Ẹsẹ̀ tó kán kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ lọ wo ilé ìwòsàn egungun ní Ìgbóbì, tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi ìtọ́jú àwọn sójà tó fara pa nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ogun ti parí látọjọ́ pípẹ́, ojú títì wa ló ń kó èèyàn wá síbẹ̀ báyìí. Irin ni wọn yóò fi de egungun náà, wọn yóò ya fọ́tò rẹ̀ léraléra, ẹni náà kò sì ní lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bí owó bá tán lọ́wọ́ ìdílé, wọ́n á gbé e kúrò, wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun nílé. Àwọn kan mọ iṣẹ́ náà dunjú. Àwọn mìíràn á di ẹsẹ̀ náà pinpin títí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní ráyè kọjá, ẹsẹ̀ á sì jẹrà. Nígbà tí wọ́n bá fi máa gbé e padà sí ọsibítù, gígé ló kù.

Àwọn kan tún wà tí ara wọn ti yá, àmọ́ tí wọn ò lè jáde. Gbèsè ló dá wọn dúró sí wọ́ọ̀dù. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń sùn, gbèsè ń gorí gbèsè, wọn kò sì lè lọ ṣiṣẹ́ tí wọn yóò fi san án. Bí ẹnì kan bá lè ṣàlàyé fún mi bí ìyẹn ṣe ń kọ́ni ní ìwà ọmọlúàbí, mo ń gbọ́.

Ohun tí mo rò pé ó lè ṣe é wà lójú wa. Ojoojúmọ́ ni ọlọ́kadà ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní párkì. Bí díẹ̀ nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì yẹn bá ń bá orúkọ rẹ̀ lọ sí adójútòfò ìlera, yóò ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ san owó ọsibítù sílẹ̀ kó tó ṣubú. Bí a bá ní kí èèyàn gbọ́ bùkátà ara rẹ̀, irú èyí ló yẹ kó jẹ́, kó má ṣe dìgbà tó bá ń pọ̀kàkà ikú.

Ṣé kò yẹ kí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ fà á san ju ẹni tó jókòó jẹ́jẹ́ rẹ̀ lọ?

Ó lè yẹ. Ìgbà tí yóò san án ni mo ń bá yín jiyàn lé lórí. Bí a bá ní kí dókítà ṣírò ẹ̀bi níwájú ẹni tó ń kú lọ, a ti sọ dókítà di adájọ́ tí kò ní ẹlẹ́rìí. Ta ló sọ pé ọ̀nà òdì ló gbà? Ẹni tó gbé e wá. Ta ló gbé e wá? Onímọ́tò tó gbá a.

Jámánì ṣe ohun kan tó yé mi. Òfin adójútòfò ìlera wọn fàyè gbà á kí wọ́n ní kí èèyàn dá nínú owó ìtọ́jú tó bá jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ dá àìsàn náà sí ara rẹ̀ lọ́rùn, tàbí pé ibi tó ti ń hùwà ọ̀daràn ló ti kó o, tàbí pé iṣẹ́ abẹ ẹwà tàbí fínfín ara ló dá a sílẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: àìbìkítà lásán kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó sáré jù, ẹni tó jẹun jù, ẹni tó mu sìgá, wọ́n ń tọ́jú wọn bí wọ́n ṣe ń tọ́jú gbogbo èèyàn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn ń tọ́jú ẹni tó fara pa láìgba kọ́bọ̀, àmọ́ bí wọ́n bá san owó gbà-má-bínú fún un, ilé ìwòsàn ìjọba á gba owó iṣẹ́ rẹ̀ padà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ adójútòfò ẹni tó jẹ̀bi. A dóòlà ná, a ṣírò lẹ́yìn.

Níbí, adójútòfò ọkọ̀ tó pọn dandan di 15,000 náírà lọ́dún fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ara ẹni láti oṣù Kìíní ọdún 2023, ti ọ̀kadà sì jẹ́ 3,000. Owó paraga oṣù kan lè ju ìyẹn lọ. Ẹ jẹ́ kó yé wa sá o: ẹni tí ẹ bá ṣe léṣe tàbí tí ẹ bá ba ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ ni èyí wà fún. Kò ní tọ́jú ẹsẹ̀ ẹ̀yin tí ẹ ń gun ọ̀kadà.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí a kì í fẹ́ sọ. Bọ̀ọ̀dá tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí dókítà ní kó jáwọ́ nínú ọtí, tó ń mu ún lóde àríyá gbogbo ọjọ́ Sátidé, bí rọpárọsẹ̀ bá kọlù ú, a kì í ní àfọwọ́fà ni. A máa ń ní ayé ló ṣe é. Aláìní nìkan ni a máa ń ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí i lọ́rùn lórí bẹ́ẹ̀dì.

Bí wọ́n bá mọ̀ pé a ó tọ́jú wọn, ṣé wọn ò ní túbọ̀ ya pòkíì?

N kò tíì rí ẹni tó torí pé ọsibítù wà lọ kán ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìrora ń bẹ níbẹ̀, àìríṣẹ́-ṣe ń bẹ níbẹ̀, ikú ń bẹ níbẹ̀. Bí ìwọ̀nyí kò bá dẹ́rù bà á, owó ọsibítù kò ní dẹ́rù bà á. Ohun tó ń mú èèyàn ya pòkíì ni kó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa mú òun lónìí, tàbí pé bí wọ́n bá mú òun, owó díẹ̀ ni yóò yọ òun.

Orí tèmi ni. Bí mi ò bá fẹ́ dé ẹ́límẹ́ẹ̀tì, kí ló kan ìjọba?

Ìbéèrè yìí ti dá ariyanjiyan sílẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà pàápàá. Ní ọdún 2000, ìpínlẹ̀ Florida ní ẹni tó bá ti lé ní ọdún 21 lè gun alùpùpù láìdé nǹkan kan, bó bá ti ní adójútòfò ìlera tó tó 10,000 dọ́là. Michigan ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2012, wọ́n ní 20,000 dọ́là. Ó dùn-ún gbọ́: gba òmìnira rẹ, kó o sì gbé owó rẹ̀ dání. Àmọ́ bí orí bá fọ́ lọ́hùn-ún, ọjọ́ mélòó ni owó yẹn fẹ́ gbé níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ mí fún èèyàn? Bó bá tán, owó aráàlú náà ló kàn.

Níbí, ẹ ó rántí oṣù Kìíní ọdún 2009 nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní dandan ni kí ọlọ́kadà àti èrò rẹ̀ dé e. Àwọn kan ní Kánò dé igbá gbígbẹ. Àwọn mìíràn dé ike ọ̀dà. Àwọn èrò ní àwọn ò dé ẹ́límẹ́ẹ̀tì tí ẹni tí àwọn ò mọ̀ dé kalẹ̀, kí wọ́n má baà fi oògùn gba kádàrá àwọn. A rẹ́rìn-ín títí. Ohun tí ìwádìí àwọn onímọ̀ ìlera fi hàn kò sì ṣeé rín: ẹ́límẹ́ẹ̀tì gidi máa ń dín ikú alùpùpù kù ní nǹkan bí 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín ìfarapa orí kù ní nǹkan bí 69. Igbá kò dín nǹkan kan kù.

Ìdáhùn mi ni pé orí yín ni lóòótọ́, títí ẹ fi máa ṣubú. Bí ẹ bá ti ṣubú, ó di orí gbogbo wa.

Kí ló dé tí ìjọba ò kàn lé gbogbo wọn kúrò lójú títì?

Èkó ti ń gbìyànjú rẹ̀. Òfin ìrìnnà ọdún 2012 lé wọn kúrò lójú ọ̀nà 475. Oṣù Kejì ọdún 2020, wọ́n lé wọn kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, àwọn ọlọ́kadà pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Lẹ́kkí, wọ́n sì dáná sun ún, nítorí ṣéńjì tí kò ju 100 náírà lọ. Inú bí gbogbo ìlú, ó sì tọ́ kó bíni. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà, òfin náà tún le sí i ní Ẹ̀tì-Ọ̀sà, Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Erékùṣù Èkó, Mainland àti Àpápá. Wọ́n gba ọ̀kadà púpọ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ kí gbogbo ayé rí i.

Àwọn dókítà lè rí ìsinmi díẹ̀ níbi tí òfin bá ti múlẹ̀. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹni tó ń gbé inú àdúgbò tí bọ́ọ̀sì kò lè wọ̀ ṣì gbọ́dọ̀ dé ibi iṣẹ́. Ọkùnrin tí wọ́n gba ọ̀kadà rẹ̀ ṣì gbọ́dọ̀ jẹun. Ó lọ sí ẹ̀yìn odi ìlú, ó ra òmíràn, ó ń gùn ún lọ.

Ta ni aláìbìkítà gan-an?

Ẹ jẹ́ ká kà wọ́n. Ẹni tó gun ọ̀kadà mutí, òun ni àkọ́kọ́, n kò yọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ni ọ̀kadà ńkọ́, tó ń gba owó ojúmọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìbáà rọ̀, ìbáà dá? Owó yẹn kò ní pé bí kò bá sáré. Ìyá aláparaga tó pàtẹ sẹ́nu ọ̀nà párkì láti àárọ̀ kùtùkùtù ńkọ́, àti àwọn yúníọ̀nù tó ń gba owó ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀? Èrò tó ń ní "ẹ tẹ̀ ẹ́, mo ti pẹ́" ńkọ́, tó sì bá ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ gun ẹyọ ọ̀kadà kan? Kòtò tó wà lójú títì láti ìgbà ìdìbò tó kọjá, ta ló gbẹ́ ẹ?

Ní oṣù Kejì ọdún 2024, NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin de ọtí inú ọ̀rá tí èèyàn lè fi owó táṣẹ́rẹ́ rà. Àwọn tó ń ṣe é fárígá, wọ́n ní iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, ìjọba sì sún un síwájú. Kò sí ẹni tó pe ìyẹn ní àìbìkítà. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sún irú òfin bẹ́ẹ̀ síwájú kò ní mọ orúkọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí wọ́n gbé lọ sí wọ́ọ̀dù lálẹ́ ọjọ́ náà.

Àwọn tó ń lọ gbọ́n epo lára táńkà tó ṣubú ńkọ́? Ìyẹn ju àìbìkítà lọ.

Ní Majia, ní ìpínlẹ̀ Jigawa, oṣù Kẹwàá ọdún 2024, èèyàn tó lé ní 150 ló kú bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ó tún ṣẹlẹ̀ nítòsí Suleja ní ìpínlẹ̀ Niger. Nígbà tí ìròyìn dé, mo gbọ́ tí àwọn èèyàn ń ní wọn kì í gbọ́n, ojúkòkòrò ló pa wọ́n. Epo tí kò tó 200 náírà lítà kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ti ju 1,000 lọ ní ọ̀pọ̀ ibi nígbà tí táńkà Majia ṣubú. Kẹ́ẹ̀gì kan tó kún lè jẹ́ oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan. Èyí kò sọ pé ó dáa, iná kì í bèèrè ìdí. Àmọ́ ẹni tó jóná níbẹ̀, ìtọ́jú iná ló nílò, kì í ṣe ìwáàsù. Ẹni tí mo ní ìwáàsù fún ni ẹni tó ń fi táńkà kó epo lójú ọ̀nà tó bàjẹ́ lóru.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é láyé àtijọ́? Ṣé kì í ṣe pé kálukú ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni?

Rárá o. Bí ẹnì kan bá jẹ gbèsè tí kò san, olówó lè rán ológò sí agboolé rẹ̀. Ológò á jókòó pa, á máa sọ̀rọ̀ kòbákùngbé, á máa pa adìyẹ tó bá rí jẹ láìbèèrè ẹni tó ni ín. Gbogbo agboolé ló ń jìyà, gbogbo wọn ló sì máa kọjú sí onígbèsè náà pé kó wá nǹkan ṣe. Ìdílé sì lè fi ọmọ sọfà kí gbèsè lè tán. N kò ṣe àárò rẹ̀ rárá: ọmọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló ń fi oko ríro san ohun tí bàbá ti ná. Àmọ́ ẹ rí i pé èrò pé ọ̀ràn ẹnì kan kò kan ará ilé rẹ̀ kì í ṣe ti àwọn baba wa. Àjèjì ni.

Àbúrò mi ni. Mo ti san owó ọsibítù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo ti gbà á sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ó tún ti ṣubú. Ṣé mo gbọ́dọ̀ san án lẹ́ẹ̀kan sí i?

Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ̀gbọ́n. Ti ẹ̀mí, ẹ san án bí ẹ bá ní in, ẹ má sì jẹ́ kí owó náà gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá: ẹ san án fún akọ̀wé owó ọsibítù, ẹ gba rìsíìtì. Ti ọ̀kadà mìíràn, ẹ má rà á. Ẹ kò ní jẹ̀bi níwájú Ọlọ́run tàbí èèyàn. Bí àwọn òbí bá ń bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ìdílé jókòó, kí gbogbo yín sọ ohun tí ẹ lè ṣe àti ohun tí ẹ ò ní ṣe mọ́, kí òun náà wà níbẹ̀.

Ẹ wádìí ohun kan sí i. Bó bá jẹ́ ọtí tàbí tírámádọ́ọ̀lù ló wà nídìí rẹ̀, ẹnu kò ní mú un jáwọ́. Àìsàn ni, ó sì ní ibi ìtọ́jú. Ilé ìwòsàn Àró ní Abẹ́òkúta ń tọ́jú irú wọn. Àró yìí kan náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, dókítà ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ọdún 1954, tí àwọn aláàárẹ̀ ọpọlọ ń gbé láàárín àwọn ará abúlé, tí ẹbí wọn wà pẹ̀lú wọn, tí wọ́n sì ń gba ìtọ́jú. Gbogbo ayé wá wò ó.

Mo rí ẹni tó ṣubú báyìí báyìí. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ dá ọkọ̀ dúró: ẹ já ewé sójú títì kí ọkọ̀ mìíràn má baà gun orí rẹ̀. Ẹ pe 122 ti ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, tàbí 112 tàbí 767 bó bá jẹ́ Èkó. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ náà dáadáa, ẹ má ṣí i wò. Ẹ má fa ẹ́límẹ́ẹ̀tì yọ lórí rẹ̀ tipátipá. Ẹ má fún un lómi mu. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n mú un lápá lẹ́sẹ̀ sọ sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá; bó bá di dandan láti gbé e, pákó pẹlẹbẹ ni kí ẹ wá, kí ẹnì kan di orí àti ọrùn rẹ̀ mú.

Bí èrò bá ń pé jọ láti lù ú tàbí láti dáná sun ọ̀kadà rẹ̀, ẹ wá àgbàlagbà kan tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún níbẹ̀ kó bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ mú fóònù àti owó tó wà lápò rẹ̀ lójú ẹlẹ́rìí méjì, kí ẹ pe nọ́ńbà tó pè kẹ́yìn.

Ní ọsibítù, bí wọ́n bá ní kí ẹ san owó kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, ẹ fi sùúrù rán wọn létí abala 20, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tí ẹ bá sọ̀rọ̀ àti aago tí ẹ dé sílẹ̀. Gbígbé e wá kò sọ yín di onígbèsè rẹ̀. Ẹ fi fóònù àti owó rẹ̀ lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, kó kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ máa lọ sílé.